Olórí-ejò Nínú Omi Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ènìyàn bá ti Agége bọ̀, tó gba ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ Ọgbà, yóò kan ògiri gígùn kan tí wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí lórí. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni omi náà wà. Mo ní ó wà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ibẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, yanrìn lẹ máa rí, àti ọkọ̀ tipa tó ń dà á, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ pé orí ẹja ni àwọn dúró sí.

N kò kánjú. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kánjú sọ, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ fò dá.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, a kò bá ara wa tan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi, ọmọ Àwórì ni òun, onílẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ tó wà níwájú ògiri yẹn ló pa wá pọ̀. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, òun wà níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, débi pé èékánná rẹ̀ kì í funfun: lónìí á dúdú, lọ́la á pọ́n bí osùn. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń sùn lórí ìdúró láìjẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ palẹ̀ tà fún àwọn onírin, ọ̀pọ̀ nínú wa padà sí ìlú. Èmi kò lọ, torí ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ọgbà, àwọn ọmọ sì ń lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kò ní ìlú tí yóò padà sí, ìlú rẹ̀ ló wà. Ó kàn kẹ̀yìn sí géètì tí wọ́n tì, ó kọjú sí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja. Èmi náà tẹ̀ lé e. Kí ni ọkùnrin tí kò níṣẹ́ fẹ́ máa wò nílé láti àárọ̀?

Omi baba wọn ni. Kò tóbi. Ẹni tó bá lóhùn dáadáa lè dúró sí etí kan kó pe ẹni tó wà ní òdìkejì, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó jìn, kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú oró wà níhìn-ín, òṣíbàtà wà lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ yí gbogbo rẹ̀ ká. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ọ̀nà Ìkejà, òórùn ọṣẹ ni. Bó bá yí padà, òórùn bisikíìtì ni. Àwa á wà nínú ọkọ̀ láàárín, ebi á máa pa wá nítorí bisikíìtì tí a kò ní jẹ.

Epìyà ni ẹja omi yẹn. Àrọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n epìyà ló ni ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ epìyà yóò mọ̀ pé ẹnu ni ìyá rẹ̀ fi ń tọ́mọ. Bó bá yé ẹyin tán, á kó o sẹ́nu. Bí ẹyin bá di ọmọ, ẹnu náà ni ilé wọn. Gbogbo àsìkò yẹn, kò ní jẹun. Ta ló ń fi ẹnu tí ọmọ wà nínú rẹ̀ jẹun? Á rù, orí rẹ̀ á tóbi ju ara lọ. Bí irú rẹ̀ bá bá àwọ̀n gòkè, ńṣe ni yóò máa pọ ọmọ sínú ọkọ̀, wẹ́wẹ́, bí ẹni tó tu ọkà bàbà sílẹ̀.

Ní ìdílé ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í pa irú ẹja bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi igbá bu omi, wọ́n á ṣa àwọn ọmọ tó ti já bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á rọra dá tìyátọmọ padà, wọ́n á kọ orí ìyá sí ibú, wọ́n á ní, "Abiyamọ, lọ tọ́mọ." Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹbọ nínú rẹ̀, kò sí orin. Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n mi, kò sì rí ìjà kankan láàárín èyí àti ìrun rẹ̀. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun, bàbá òun sì ń kírun ju òun lọ.

Ohun tó jẹ́ kí omi yẹn ṣẹ́ kù, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ìdílé wọn ti di ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí, ni àdéhùn kan. Àwọn ọmọ ẹbí fẹ́ tà á fún ẹni tó fẹ́ da yanrìn sí i kó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí míì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá rẹ̀ lóbìnrin, ẹni tó dàgbà jù tó kù láyé nínú ìdílé náà, ló pẹ̀tù sí i. Ó ní omi tó bá ń bọ́ ènìyàn kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń gbé epìyà inú omi náà wá sí ìpàdé ẹbí lọ́dọọdún, tí ẹbí sì ń jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Ọdún tí abọ́ bá dé lófìfo, kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo wọn fara mọ́ ọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ta ló ń rò pé epìyà lè tán nínú omi?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lọ́dọọdún. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbé abọ́ tánganran ńlá kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ jáde, á fi eérú fọ̀ ọ́, a ó kó epìyà kún un títí ìrù àwọn kan á fi máa yọ létí. Ìyá Àgbà á mú ẹyọ kan, á wo ojú rẹ̀, á ní, "Ó dára. Ẹ gbé e sórí iná." Omi ẹ̀gbọ́n mi ti ní ọdún kan sí i nìyẹn.

Ọdún kan wá, òjò rọ̀ débi pé àgbàrá wó ògiri ilé-iṣẹ́ kan. Ní òdìkejì omi náà, ọkùnrin kan wà tó ń sin ẹja nínú kòtò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Epìyà tó ń sìn ń bí jù, ọmọ wọn pọ̀ débi pé kò sí èyí tó ń tóbi nínú wọn. Ẹnìkan ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wá ẹja kan tó jẹ́ pé ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ, tí wọ́n ń kó wá láti àwọn odò ńlá, kó sọ díẹ̀ síbẹ̀, á bá a dín àwọn ọmọ náà kù kí àwọn ìyókù lè ráyè sanra. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n náà sì jẹ. Lẹ́yìn èyí ni òjò tí mo wí rọ̀, kòtò rẹ̀ kún, ó sì lọ pàdé omi wa. Ilẹ̀ ló ní ààlà, omi kò ní.

Àwa kò mọ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ fura sí ni pé nǹkan kan ń yọ imú lójú omi, á mí fùú bí ẹni tó ń fẹ́ná, á tún wọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ohun pupa kan lẹ́bàá òṣíbàtà, ó tó ẹnu igbá, ó ń yí, ó ń hó bí omi orí iná.

Ẹ̀gbọ́n mi dá àjẹ̀ dúró. "Àbúrò, wo ibẹ̀ yẹn."

"Mo ń wò ó. Ṣé kì í ṣe epo ẹ̀rọ ni wọ́n tún dà sínú omi?"

"Epo kì í mí."

A sún mọ́ ọn. Ọmọ ẹja ni gbogbo rẹ̀, pupa, wọn kò ju abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n ṣù mọ́ra wọn bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nísàlẹ̀ wọn ni ìyá wà. Ó gùn, ó dúdú, ó ní àmì tóótòòtó lára bí òjòlá, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń wò wá. Mo ti rí ẹja lóríṣiríṣi, n kò rí èyí tó dúró wo èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Mẹ́gàdì tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti tì náà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi. "Baba! Kí lẹ rí?"

"Ẹja ni."

"Ẹja wo? Wallahi, ejò ni! Ẹ wo orí ẹ̀ náà. Ẹ pa á o!"

"Ìwọ tó ń ṣọ́ géètì tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lẹ́ja?"

"Tí mi ò bá ṣọ́ ọ, Baba, wọ́n á jí géètì fúnra ẹ̀ gbé lọ!"

A rẹ́rìn-ín. Mo ti na ọ̀kọ̀ ìpẹja sókè nígbà yẹn, ọwọ́ mi ti dúró dáadáa, ìyá ẹja náà kò sì sá. Kò jẹ́ sá kúrò lórí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

"Abiyamọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, a ò mọ ibi tó ti wá."

"Ṣé a mọ ibi tí ìwọ Ìjẹ̀bú ti wá kí á tó fún ọ ní ẹja jẹ? Àlejò tó gbé ọmọ dání, a kì í lé e." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀, ó sì fi ohùn tó fi ń bá epìyà sọ̀rọ̀ sọ ọ́: "Abiyamọ, lọ tọ́mọ."

Ó lọ tọ́mọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, n kò rí ibi tí mo lè gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé. Kò sí ìwà ìkà níbẹ̀. Ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, epìyà nìkan ló mọ̀, kò mọ̀ pé abiyamọ mìíràn wà láyé tó jẹ́ pé ọmọ abiyamọ ẹlòmíràn ló fi ń bọ́ tirẹ̀.

Ìyàwó mi ló sọ ẹja náà lórúkọ. Ó wá gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́jọ́ kan, mo fi hàn án. Ó ní, "Yéè! Olórí-ejò." Bó ṣe di olórí-ejò nìyẹn.

Ní ọdún yẹn, abọ́ ṣì kún, ṣùgbọ́n ìrù kankan kò yọ létí rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dé ìlàjì. Ìyá Àgbà wo inú abọ́, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹ díẹ̀ lọ́nà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín ọkùnrin yẹn. Kì í ṣe èyí.

Nǹkan ń yí padà nínú omi náà. Akọ epìyà máa ń gbẹ́ ojú ilẹ̀ roboto bí àwo sétí omi, níbi tí abo yóò wá yé sí. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, àwọn àwo náà ṣófo, ewé tútù yíyọ̀ bò wọ́n. Kọ̀ǹkọ̀ kò ké mọ́. Òjò á rọ̀ tán, ibi gbogbo á pa lọ́lọ́, ìró ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ nìkan la ó máa gbọ́. A ò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ariwo kọ̀ǹkọ̀ náà jẹ́ ìtùnú.

Ọkùnrin tó ń sin ẹja náà wá bá wa. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. N kò mọ̀ pé omi á kún dé bẹ́ẹ̀."

"Dìde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ kọ́ lo rọ̀jò. Báwo la ṣe ń pa á?"

Ọkùnrin náà gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní olórí-ejò kì í kó sínú àwọ̀n. Abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà, àbí kó fò ó. Bí wọ́n bá jù ú sórí ilẹ̀, á wọ́ padà sínú omi torí ó lè mí atẹ́gùn bíi tiwa. "Ọ̀nà kan ló dájú," ó ní. "Ẹ so kọ̀ǹkọ̀ kékeré mọ́ ìwọ̀, ẹ fà á gba àárín àwọn ọmọ rẹ̀ tó pupa yẹn. Ìyá á bù ú. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o. Ọmọ ló ń gbèjà. Kò lè ṣe kó má bù ú."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí omi. Ó wá ní, "Ọ̀nà mìíràn ńkọ́?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

"Á wà."

A wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi hun ìgèrè tuntun, ó dẹ ẹ́ sínú ojú oró; àrọ̀ kan ló kó sí i. A de ìwọ̀ mọ́ okùn gígùn, a fi ekòló sí i, a fi ìfun adìẹ sí i. A rí olórí-ejò díẹ̀ pa, àwọn tó dá rìn, tí kò tọ́mọ. Bí a bá ti rí ohun pupa yẹn níbì kan, ẹ̀gbọ́n mi á yí ọkọ̀ padà. Èmi á wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń tukọ̀, á máa wù mí kí n sọ̀rọ̀, n kò sì ní í sọ ọ́. Omi baba rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Ìyàwó mi ló sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ọmọ ta lẹ ń ṣàánú gan-an? Èyí tó ń jẹni àbí èyí tí wọ́n ń jẹ?"

"Ìyàwó, tí o bá rí i níbi tó ti dúró ti àwọn ọmọ náà, ìwọ náà ò ní lè pa á."

"Èmi? Màá pa á, màá sì fi ata gígún sè é."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìjẹ̀bú!"

Ohun tó yí i lọ́kàn padà, ìṣojú mi ló ti ṣẹlẹ̀, lórí àpáta kékeré tí a ti ń fọ ẹja. Ìwọ̀ mú olórí-ejò ńlá kan, ikùn rẹ̀ le bí awọ ìlù. Ẹ̀gbọ́n mi là á. Epìyà kan wà nínú rẹ̀ odindi, ìpẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣí, ẹnu rẹ̀ pa dé gírí. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò ṣí ẹnu náà. Àwọn ọmọ kún inú rẹ̀. Gbogbo wọn ti kú, ìyá kò pọ̀ wọ́n sílẹ̀. Nínú ikùn ẹni tó gbé e mì, ó ṣì pa ẹnu dé.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpáta náà. Òórùn bisikíìtì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, mo rántí.

"Àbúrò, wá kọ̀ǹkọ̀ kékeré."

Níbo ni mo ti fẹ́ rí kọ̀ǹkọ̀? Wọ́n ti jẹ wọ́n tán nínú omi wa. Mo lọ títí dé gọ́tà ẹ̀yìn àwọn ilé Aláúsá kí n tó rí wọn mú. Lọ́jọ́ kejì, a tu ọkọ̀ lọ síbi tí pupa yẹn wà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ kọ̀ǹkọ̀ sí ìwọ̀, ó sọ ọ́ sí òdìkejì àwọn ọmọ náà, ó sì ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba àárín wọn. Omi là. Ìyá ẹja náà kò gbé ìwọ̀ bí ẹja ṣe ń gbé e. Ńṣe ló gbá a bí ẹni gbá olè létí. Nígbà tí a fà á wọnú ọkọ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lára rẹ̀. Ó mú igi, ó lù ú lórí. Kò ní kó lọ tọ́mọ.

Àwọn ọmọ náà kò lọ. Wọ́n wá sábẹ́ ọkọ̀ wa, wọ́n ṣù síbẹ̀, wọ́n ń yí. Mo rò pé wọ́n ṣe bí òjìji ọkọ̀ ni ìyá wọn. Bàbá wọn jáde láti abẹ́ òṣíbàtà, ó wá dúró níbi tí ìyá ti dúró. A kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ń tọ́mọ. A pa òun náà. Kò tíì pẹ́ rárá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú pàù-pàù níhìn-ín lọ́hùn-ún: àwọn olórí-ejò mìíràn ti dé, wọ́n ń jẹ àwọn ọmọ náà lójú wa. Kò sí ẹja mìíràn tó kù fún wọn láti jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fi àjẹ̀ na omi bí ẹni tó ń lé ajá. Ta ló ń gbèjà níbẹ̀, n kò mọ̀. Bóyá òun náà kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà la ti ń pa wọ́n lórí ọmọ wọn, wọn kò sì tán. Bí a bá mú pupa kan kúrò nídìí ojú oró, òmíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi rù. Kò kí mẹ́gàdì dáadáa mọ́. Mẹ́gàdì náà kò sì ṣàwàdà mọ́, yóò kàn dúró sétí omi, á ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́." Ìpàdé ẹbí ń bọ̀, àwọ̀n kò sì mú epìyà kankan.

Ìyàwó mi tún gbà á nímọ̀ràn. "Ọkọ mi, epìyà wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n ra tútù wá, kí ẹ kó o sínú abọ́. Ṣé orúkọ wà lára ẹja ni?"

"Ìyàwó, orúkọ kò sí lára ẹja. Ara tèmi ló wà."

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, a da àwọ̀n sílẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Abọ́ tánganran ìyá rẹ̀ wà láàárín wa nínú ọkọ̀, ó ti fi eérú fọ̀ ọ́, ó ń dán. A fa àwọ̀n. Ó wúwo díẹ̀. Nígbà tó yọ, mo rí i: epìyà ni. Ẹyọ kan ṣoṣo, ńlá, èyí tí àwọn ìyá rẹ̀ ti wà nínú omi yẹn kí a tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n! Abọ́ kò ní ṣófo!" Ìyá Àgbà kò sọ iye tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kí abọ́ má ṣófo ni. Kí ẹbí bù ú jẹ ní ẹ̀rún-ẹ̀rún, ìyẹn náà jíjẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sọ́wọ́. Orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀fun rẹ̀ wú. Ó ya ẹnu díẹ̀, ọmọ kan já bọ́ sínú abọ́, ó dún tín.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́."

"Abiyamọ ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti pa abiyamọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ti pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀."

"Mo ti pa wọ́n." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹja náà. "Nítorí èyí ni mo ṣe pa wọ́n, àbúrò. Ṣé mo wá lè pa òun náà?"

"Tí ẹ bá dá a padà, wọ́n á jẹ ẹ́. Tí wọn ò bá jẹ ẹ́, yanrìn á bò ó. Kò sí ibi tó ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bu omi sínú abọ́ náà, ó ṣa ọmọ tó já bọ́, ó rọra dá tìyátọmọ padà. Ó kọ orí rẹ̀ sí ibú. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Epìyà náà dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó sì wọlẹ̀. A ò tíì tu ọkọ̀ kúrò lójú kan nígbà tí omi ru níwájú wa, pàù, ó sì tún pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń pa àwọ̀n pọ̀. Kò gbójú sókè. Èmi náà kò bi í bóyá ó gbọ́.

Abọ́ tó gbé lọ sí ìpàdé ẹbí kò ní nǹkan kan nínú ju omi tó rọ̀ mọ́ ọn lára. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀. Kódà àwọn tó fẹ́ tà á kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà wo inú abọ́ náà bí ìgbà tí ẹja wà níbẹ̀, ó ní, "Ṣé ó tán ni?"

"Ó tán, Ìyá."

Ìyá Àgbà dojú abọ́ náà dé lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ẹja àárọ̀ yẹn, n kò sì sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ rèé.

Yanrìn bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí ojú oró wà. Tipa á dé, á yí ìdí, á dà á, á lọ. Bí omi ṣe ń kéré, àrọ̀ díẹ̀ tó kù kú, inú wọn funfun sókè. Àwọn olórí-ejò kò kú. Nígbà tí òjò rọ̀ sórí yanrìn náà, wọ́n jáde, wọ́n ń fi ikùn wọ́ gba ẹnu géètì tí wọ́n wó, wọ́n kọjá ọ̀nà, wọ́n wọ gọ́tà ńlá tó lọ sí apá Ọgbà. Mẹ́gàdì, ẹni tí kò ní géètì mọ́ báyìí, ló pè wá láti wò ó. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé ẹja kó ẹrù kúrò nílé.

Mo ṣì máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ní àwọn ọjọ́ Jímọ̀, bí èmi kò tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí; mo kàn ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le mọ́. Ẹ̀bá gọ́tà yẹn la ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a dúró kó sinmi. Mo wo inú gọ́tà. Láàárín àwọn ọ̀rá àti ìgò, nínú omi tó dúdú bí aró tó fi ń pa aṣọ nígbà kan, ohun pupa kan ń yí, ó ń hó. Orí pẹrẹsẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń wò wá.

Ẹ̀gbọ́n mi náà rí i. Ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gọ́tà náà kò sì jìn. Mo dúró pé bóyá á gbé ọ̀pá náà sókè. Kò gbé e. Mo wá dúró de ọ̀rọ̀ abiyamọ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kò sọ ìyẹn náà. Ó di apá mi mú, a sì ń lọ.